Oṣù mẹ́rin ni mo ti ń làágùn, ikùn ò kúrò lójú kan. Kí ló ń ṣẹlẹ̀?

IkùnÒGbọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀.

Ọmọ ọdún 42 ni mí. Iṣẹ́ orí àga ni mò ń ṣe, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, iwájú kọ̀ǹpútà. Lọ́dún tó kọjá, dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó ní kò tíì wọlé ṣùgbọ́n ó ti ń kan ilẹ̀kùn, pé kí n wá nǹkan ṣe sí ikùn yìí. Mo gbọ́. Oṣù mẹ́rin gbáko rèé tí mò ń ṣe igba sít-ọ́ọ̀pù lójoojúmọ́. Mo máa ń fi nàìlọ́ọ̀nù we ikùn kí n tó bẹ̀rẹ̀, màá tún wọ ẹ̀wù òtútù lé e, torí ẹnì kan ní jíìmù sọ fún mi pé ọ̀rá tó ń yọ́ ni òógùn. Tí mo bá ṣe tán, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú odò ni mo ń rí. Mo bá gun ìwọ̀n, kílò kan ti lọ! Inú mi á dùn. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kílò náà ti padà dé, àfi bíi pé ó kàn lọ kí ẹnì kan ni.

Ihò ìgbànú tí mò ń lò lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn náà ni mo ṣì ń lò lónìí. Níbo ni mo ti ṣì í? Ṣé kí n sọ igba di irinwó ni?

Ọ̀lẹAfarapamọ́

Irinwó kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí ikùn sinmi. Èmi tí mi ò ṣe ẹyọ kan rí, ihò ìgbànú kan náà ni èmi náà ń lò. Ọgbọọgba ni wá.

IrinKìÍPurọ́

Ọ̀gá, ìyà tí ẹ fi ń jẹ ara ò tíì tó ni. Ibi tí kò bá ti dunni, kò síṣẹ́ níbẹ̀. Èmi o, tí mo bá lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn wọ́ọ́rọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì, mo mọ̀ pé eré lásán ni mo ṣe lánàá. Ẹ sọ ọ́ di irinwó, kẹ́ ẹ tún gbé irin lé àyà. Nàìlọ́ọ̀nù yẹn dáa, èmi náà máa ń lò ó.

MàmáFísíò

IkùnÒGbọ́, ẹ kú akitiyan. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, tó fi mọ́ tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú nàìlọ́ọ̀nù yẹn kúrò lára. Iṣẹ́ físíò ni mo fi ń jẹun, ó ti lé lógún ọdún, n kò sì tíì rí ẹni tí nàìlọ́ọ̀nù bá dín ọ̀rá kù.

Omi àti iyọ̀ díẹ̀ ni òógùn. Iṣẹ́ tí ara rán an ni kó jáde sórí awọ, kó gbẹ níbẹ̀, kó sì gbé ooru lọ bó ṣe ń gbẹ. Bí ẹ bá wá fi nàìlọ́ọ̀nù bo awọ, òógùn ń jáde ṣùgbọ́n kò ríbi gbẹ. Ara ò tutù, ara tún tú òmíràn jáde, ooru ń ga, omi inú ẹ̀jẹ̀ ń dín, ọkàn wá ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Kílò kan tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn, omi ni. Ẹ tú u dànù nírọ̀lẹ́, ẹ mu ún padà kílẹ̀ tó mọ́. Kò gbọ́dọ̀ má padà. Tí kò bá padà, ilé ìwòsàn ni a ó ti máa bá yín sọ̀rọ̀.

Mi ò kàn fẹ́ dẹ́rù bà yín. Lọ́dún 1997, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mẹ́ta tó ń jìjàkadì ní Amẹ́ríkà kú láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún síra wọn. Wọ́n fẹ́ bọ́ sábẹ́ ìwọ̀n kan kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n bá wọ aṣọ tí kì í jẹ́ kí òógùn gbẹ, tí wọ́n sì ń ṣe eré ìdárayá níbi tó gbóná. Ọ̀dọ́ ajìjàkadì nìyẹn o, kì í ṣe ẹni tó ń jókòó lọ́fíìsì tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá láwọn yunifásítì wọn, fòfin de irú aṣọ bẹ́ẹ̀.

Ó wá ku ti sít-ọ́ọ̀pù. Iṣan ikùn yín á ti le bí igi níbi tó wà yẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n abẹ́ ọ̀rá ló wà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ ń jẹ ọ̀rá tó gbé lé e lórí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tí ara bá nílò agbára, ó máa ń tú ọ̀rá sínú ẹ̀jẹ̀ láti gbogbo ibi tó kó o pamọ́ sí, ẹ̀jẹ̀ á wá pín in kiri fún iṣan tó bá fẹ́. Ibi tí yóò ti kọ́kọ́ dín, ara ló mọ̀: ìdílé tí a ti wá, ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, gbogbo wọn ló lọ́wọ́ sí i. Lọ́dún 1971, àwọn olùwádìí kan wọn ọ̀rá abẹ́ awọ lápá àwọn tó ti ń gbá tẹníìsì tipẹ́. Apá tí wọ́n fi ń gbá a tóbi ju èkejì lọ, torí iṣan ibẹ̀ ti ki. Ọ̀rá tó bò ó ńkọ́? Bákan náà ló rí lápá méjèèjì.

IkùnÒGbọ́

Háà! Igba lọ́jọ́ kan, fún oṣù mẹ́rin. Mo ti ṣe ìṣirò rẹ̀ báyìí, ó ti lé ní ẹgbàá mẹ́wàá sít-ọ́ọ̀pù. Ẹgbàá mẹ́wàá!

Mà, tí ọ̀rá ò bá gba ojú awọ jáde, ibo gan-an ló ń gbà?

ÌwéNíMoKà

Imú.

Mi ò ṣàwàdà. Lọ́dún 2014, Ruben Meerman àti Andrew Brown ṣe ìṣirò rẹ̀ nínú BMJ, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn. Tí kílò 10 ọ̀rá bá jó tán pátápátá nínú ara, kílò 8.4 nínú rẹ̀ á bá èémí jáde gẹ́gẹ́ bíi carbon dioxide, kílò 1.6 tó kù á di omi. Wọ́n bi àwọn dókítà àti àwọn tó ń kọ́ni ní jíìmù léèrè ibi tí ọ̀rá ń lọ, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ní ooru ló ń dà.

Ọ̀lẹAfarapamọ́

Ẹ gbà mí! Ká ní mo kàn jókòó tí mò ń mí fìnfìn ńkọ́?

ÌwéNíMoKà

Òòyì ni yóò kọ́ ẹ. Ẹrù tí iṣan bá di ni èémí ń gbé. Bí iṣan ò bá di nǹkan kan, kí ni yóò gbé?

IrinKìÍPurọ́

Gbogbo ìwé tí ẹ kà yìí dáa, ṣùgbọ́n mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Ìrora ni ẹ̀rí. Lactic acid, ásíìdì tí iṣan máa ń mú jáde tó bá ń ṣiṣẹ́ kárakára, ló ń kóra jọ sínú iṣan, òun ló ń ro wá lọ́jọ́ kejì. Tí kò bá ro ẹ́, o ò ṣe nǹkan kan. Ibi tí wọ́n ti kọ́ mi nìyẹn, ibẹ̀ náà ni mò ń kọ́ ẹlòmíì.

MàmáFísíò

Àbúrò mi, jẹ́ ká jọ ronú ẹ̀. Ohun tí ò ń pè ní lactic acid, láàárín wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ tó o bá ti sinmi, ara ti palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ọkàn àti iṣan mìíràn tilẹ̀ ń lò ó bí epo ni. Nígbà náà, ohun tó ti lọ kí o tó sùn, báwo ló ṣe máa jẹ ẹ́ níyà lọ́túnla?

Ìrora ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹta yẹn, nǹkan mìíràn ló ń fà á. Okùn tín-tìn-tín inú iṣan ló ń ya díẹ̀díẹ̀, pàápàá níbi tí iṣan bá ti ń nà nígbà tó ń gbé ẹrù lọ́wọ́: bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, tàbí tó ń rọra dá irin padà sílẹ̀. Ibi tó ya á wú díẹ̀, á ro ẹ́, á sì san. Tó o bá tún ṣe irú iṣẹ́ náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní ro ẹ́ tó tàkọ́kọ́. Lọ́sẹ̀ kẹfà ó lè má ro ẹ́ mọ́ rárá, síbẹ̀ agbára rẹ ṣì ń pọ̀ sí i. Tó bá jẹ́ pé ìrora ni ẹ̀rí, a jẹ́ pé bí o ṣe ń lágbára sí i náà ni ẹ̀rí rẹ ń tán.

Asárétete

Ọ̀rọ̀ ìsọ̀kalẹ̀ yẹn, èmi lè jẹ́rìí sí i. Mo ti fẹsẹ̀ gun òkè fún wákàtí kan, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹsẹ̀ ò ṣe mí ní nǹkan kan lọ́jọ́ kejì. Ìgbà tí mo wá sáré sọ̀ kalẹ̀ òkè kan náà, tó dà bíi pé mi ò ṣiṣẹ́ kankan, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń di ògiri mú kí n tó lè jókòó.

MàmáFísíò

Ẹ ṣeun. Ó ku ohun kan tí mi ò gbọ́dọ̀ fò. Ara ríro lásán yàtọ̀ o. Bí iṣan bá wú, tó le gbagidi, tó ń dun ni ju bó ṣe yẹ lọ, tí ìtọ̀ wá ń dúdú, ẹ má dúró rárá, ilé ìwòsàn lẹ máa gbà lọ. Iṣan ló fọ́ débi pé ohun inú rẹ̀ ń dà sínú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ni yóò sì jìyà rẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ẹnì kan ń pariwo "ẹ tún ṣe mẹ́wàá sí i" lé lórí, ni wọ́n máa ń gbé wá jù.

IrinKìÍPurọ́

Mo ti ka èyí lẹ́ẹ̀mẹta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn ìsinmi pípẹ́, mo padà sí jíìmù kan, ẹni tó ń darí wa níbẹ̀ sì mú wa lóṣòó ní ìgbà ọ̀ọ́dúnrún láìdúró. Lọ́jọ́ kejì, ìtọ̀ mi dúdú. Mo rò pé omi ni mi ò mu tó. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi da omi sí mi lára nílé ìwòsàn. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, ojú ló ń tì mí, torí mo ti máa ń sọ fún gbogbo ayé pé èmi lakin. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún mi títí di òní.

Màá ṣì máa gbé irin o. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n IkùnÒGbọ́, ẹ fojú fo ọ̀rọ̀ irinwó tí mo sọ.

IkùnÒGbọ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ó ga o.

Ó wá ku ìbéèrè kan tó ń jẹ mí lọ́kàn. Aago ọwọ́ mi sọ fún mi lánàá pé mo jó 600 kálórì lẹ́nu wákàtí kan, mo wá jẹun dáadáa lálẹ́, torí mo ní mo ti sanwó rẹ̀ ṣáájú. Àbí aago náà ń parọ́ ni?

ÌwéNíMoKà

Ó ń méfò. Lọ́dún 2017, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Stanford dán aago méje wò. Ní ti ìlù ọkàn, ọ̀pọ̀ wọn ṣe dáadáa. Ní ti kálórì, èyí tó dáa jù nínú wọn fi nǹkan bí ìpín 27 nínú 100 ṣìnà, èyí tó burú jù fi 93 ṣìnà. Ẹ fi ìyẹn ka ìlù ọkàn, ẹ má fi í ra oúnjẹ.

MàmáFísíò

Ẹ wo ibi tó ti ń daríni lọ́nà òdì. Ìrìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, fún ẹni tó wọn bíi kílò 80, bíi 150 kálórì ni. Èèyàn á jẹ ẹ́ padà láàárín ìṣẹ́jú méjì láìmọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ kí ìwọ̀n ara sọ̀ kalẹ̀, orí àwo ni púpọ̀ iṣẹ́ náà wà. Mo mọ̀ pé kì í dùn láti gbọ́.

IkùnÒGbọ́

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n bínú díẹ̀. Òógùn kì í ṣe ọ̀rá. Sít-ọ́ọ̀pù ò dé ibi ikùn. Ìrìn ò ju àwo oúnjẹ kékeré kan lọ. Kí wá ni mò ń làágùn fún? Kí n kúkú lọ dara pọ̀ mọ́ Ọ̀lẹAfarapamọ́ lórí àga.

Ọ̀lẹAfarapamọ́

Àyè wà, ẹ̀gbọ́n. Mo ti sún kẹ́ẹ́.

MàmáFísíò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jókòó. Kí ni dókítà wọn lára yín lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún? Ṣé ikùn ni? Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ga, tó wá ń ṣe eré ìdárayá déédéé, nọ́ńbà òkè yẹn lè fi bíi 5 sí 8 wálẹ̀, ìyẹn kódà bí ìwọ̀n ara ò bá yẹ̀. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á rọrùn fún ara láti lò. Oorun á dáa. Ọ̀rá inú lọ́hùn-ún pàápàá, èyí tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, tó léwu ju èyí tí ọwọ́ lè dì mú lọ, máa ń dín kù nígbà tí ìwọ̀n ò tíì sọ nǹkan kan. Ohun tó ń yí padà pọ̀ lára yín, orí ìwọ̀n nìkan lẹ dúró sí lẹ ń wò. Ẹ ra téèpù, kẹ́ ẹ sì máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín.

ÌwéNíMoKà

Ìtàn ìgbànú yín rán mi létí nǹkan kan tó dùn mọ́ mi gan-an.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, dókítà kan ní London tó ń jẹ́ Jerry Morris ń wá ohun tó fà á tí àrùn ọkàn fi ń pọ̀. Ó wo àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì. Awakọ̀ àti ẹni tó ń gba owó ọkọ̀ jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan náà. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ń jókòó ní tirẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, agbowó ọkọ̀ sì ń gun àtẹ̀gùn 500 sí 750 lójúmọ́. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1953: àrùn ọkàn kì í mú àwọn agbowó ọkọ̀ tó bó ṣe ń mú awakọ̀, tó bá sì mú wọn, kì í tètè pa wọ́n.

Àwọn èèyàn ní bóyá àwọn tó sanra ló ń lọ ṣe awakọ̀. Kí ni Morris ṣe? Ó lọ wo ìwé tí wọ́n fi ń rán aṣọ iṣẹ́ fún wọn, ó ka ìwọ̀n ìbàdí ṣòkòtò wọn! Lóòótọ́ ni ìbàdí awakọ̀ fẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún fi àwọn tó ní ìbàdí kan náà wéra, agbowó ọkọ̀ tó sanra ṣì sàn ju awakọ̀ tó sanra lọ. Morris alára gbé ayé di ẹni ọdún 99.

IkùnÒGbọ́

Ìbàdí ṣòkòtò. Ó dáa, mo dìde lórí àga.

ÌyáÀgbà67

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ-ọmọ mi ló fi ibí hàn mí. Ẹni ọdún 67 ni mí, ìbéèrè mi sì jẹ́ méjì. Ọmọ mi obìnrin ní kí n máa gbé irin kéékèèké. Àbúrò mi ní kí n má dán an wò, pé egungun àgbà kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré, àti pé obìnrin tó bá ń gbé irin á ya ọkùnrin. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Èkejì, aago tí wọ́n rà fún mi ń ka ìṣísẹ̀ mi. Ó ní kí n pé 10,000. Mi ò kọjá 5,000 rí, ojoojúmọ́ ló ń bá mi wí bí ọmọ tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ṣé mò ń fi ara mi ṣòfò ni?

ÌwéNíMoKà

Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jẹ́ kí n mú ti aago. Lọ́dún 1965, ọdún kan lẹ́yìn ìdíje Òlíḿpíìkì tó wáyé ní Tokyo, ilé iṣẹ́ kan ní Japan tó ń jẹ́ Yamasa gbé ẹ̀rọ tó ń ka ìṣísẹ̀ jáde. Wọ́n sọ ọ́ ní Manpo-kei. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀rọ ìṣísẹ̀ 10,000. Orúkọ ọjà ni, mà. Kì í ṣe dókítà ló jókòó tó ṣírò rẹ̀.

Ní 2019, I-Min Lee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn obìnrin tó lé ní 16,000, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ bíi 72 ní ìpíndọ́gba. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ka ìṣísẹ̀ wọn. Àwọn tó ń rìn bíi 4,400 lójúmọ́, iye tó ń kú nínú wọn kéré gan-an sí ti àwọn tó ń rìn 2,700. Ó ń dáa sí i títí dé nǹkan bíi 7,500, lẹ́yìn náà ó dúró sójú kan. Ẹ ti kọjá 4,400 yẹn, mà. Ẹni tó bá rìn 10,000 kò ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí aago máa bá yín wí.

ÌyáÀgbà67

Aago náà á gbọ́ tirẹ̀ lónìí.

MàmáFísíò

Ìyá wa, ọmọ yín obìnrin ni kẹ́ ẹ gbọ́ tirẹ̀. Egungun tí a kò gbé ẹrù lé ló ń fẹ́lẹ́. Ẹrù tó mọ níwọ̀n ló ń sọ fún un pé kó má tíì gba ìsinmi. Ní 1990, dókítà Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston mú àgbàlagbà mẹ́wàá nílé ìtọ́jú, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 90 ní ìpíndọ́gba, tí ara wọn ò le, wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé irin fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Agbára ẹsẹ̀ wọn fi ìpín 174 nínú 100 lọ sókè. Ìyẹn ni pé kí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ gbé kílò 10 wá máa gbé bíi 27. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ni o! Ọmọdé lẹ jẹ́ lójú wọn.

Ní ti pé ẹ máa ya ọkùnrin, họ́mọ́ọ̀nù testosterone ló ń mú iṣan ọkùnrin tóbi, ti ọkùnrin sì tó nǹkan bí ìlọ́po 15 ti obìnrin. Kò lè ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ sí yín.

Ẹ má tíì ra irin pàápàá. Ẹ wá àga tó dúró ṣinṣin, ẹ gbé e ti ògiri, ẹ jókòó, ẹ dìde láìfọwọ́ tì í, ẹ rọra padà jókòó. Márùn-ún, ẹ sinmi, márùn-ún mìíràn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa mí jáde bẹ́ ẹ bá ń dìde, ẹ má sé èémí, torí èémí tá a sé ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè lójijì. Bí ẹ bá ń lo oògùn, ẹ kọ́kọ́ fi tó dókítà yín létí. Tí àyà bá dùn yín tàbí tí òòyì bá kọ́ yín, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀.

IrinKìÍPurọ́

Ìyá, ẹ má bẹ̀rù rárá. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí èmi ọkùnrin ti ń fi ojú méjèèjì wá iṣan yìí, pẹ̀lú òógùn, pẹ̀lú àdúrà. Tó bá jẹ́ ohun tó ń ṣèèṣì báni ni, ó yẹ kó ti bá mi.

Ọ̀lẹAfarapamọ́

Ti eré sísá ńkọ́? Ìdí tí èmi fi ń jókòó gan-an ni pé mò ń fi orúnkún mi pamọ́ de ọjọ́ ogbó. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé eré sísá ń jẹ orúnkún bí iyanrìn ṣe ń jẹ bàtà.

Asárétete

Mo ti ń retí ẹ.

ÌwéNíMoKà

Bàtà ò lè tún ara rẹ̀ ṣe. Orúnkún lè ṣe é díẹ̀, ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyẹn. Ní 2017, wọ́n kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí àìsàn oríkèé ní ìbàdí àti orúnkún. Nínú àwọn tó ń sáré fún ìgbádùn ara, ìpín 3.5 nínú 100 ló ní in. Nínú àwọn tí kì í sáré, 10.2. Nínú àwọn tó ń fi eré sísá díje, 13.3. Ẹ má tíì hó yèè ṣá, torí ẹni tí orúnkún ti ń dùn tẹ́lẹ̀ ò ní máa sáré, ìyẹn nìkan lè fa díẹ̀ nínú ìyàtọ̀ náà. Ṣùgbọ́n pé ìjókòó ń fi orúnkún pamọ́, mi ò rí ẹni tó fi ẹ̀rí ìyẹn hàn mí.

Asárétete

Ohun tó máa ń ṣe àwa asáré ni wàràwàrà. Ẹni tó ti ń sá kìlómítà méjì á fò sí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Mo ti ṣe é. Orúnkún dùn mí, mo bú eré sísá. Ìkánjú ni ó yẹ kí n bú.

Ẹ jọ̀ọ́, nínà ara ńkọ́? Mo máa ń nà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ara má bàa ro mí.

MàmáFísíò

Kò ní kí ara má ro yín lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti wádìí ìyẹn dáadáa. Ẹ rìn díẹ̀, ẹ rọra sáré díẹ̀ kí ara gbóná, ó tó. Tí nínà bá dùn mọ́ yín, ẹ máa nà.

ÌyáÀgbà67

Ẹ̀yin ọmọ, ó ku ẹyọ kan. Bàbá wọn nílé gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe. Ó ní òun ò lè bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan mọ́, torí tí òun bá tún fi sílẹ̀, iṣan á di ọ̀rá bó ṣe dà nígbà àkọ́kọ́.

MàmáFísíò

Ẹ bá mi kí bàbá. Iṣan kì í di ọ̀rá, bí awọ ò ṣe lè di irun. Iṣan rọ nígbà tí bọ́ọ̀lù dúró, oúnjẹ ọjọ́ bọ́ọ̀lù ò bá a dúró, ni ọ̀rá bá gba àyè tó ṣófo.

ÌyáÀgbà67

Mo kà á sí i létí. Ó ní oúnjẹ ta ni ẹ ń sọ.

IkùnÒGbọ́

(Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje.) Mo ṣèlérí pé màá padà wá jábọ̀. Nàìlọ́ọ̀nù ti di ti pàǹtírí. Mò ń rìn kíákíá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, débi pé mo lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n mi ò lè kọrin. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀, mò ń lóṣòó, mò ń ṣe púṣọ́ọ̀pù lára ògiri. Mo dín oúnjẹ alẹ́ kù, ìyẹn ló le jù, mi ò ní parọ́.

Kílò kan ààbọ̀ péré ló lọ. Èmi àtijọ́ ì bá ti sunkún. Ṣùgbọ́n téèpù ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ti kúrò níkùn, ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà ní 138 lókè ti di 131. Mo tún gun àtẹ̀gùn dé àjà kẹrin ní ọ́fíìsì lánàá nígbà tí iná lọ, èmi pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún kan, òun ló ní ká dúró sinmi. Ihò ìgbànú ò tíì yí padà tán, ó ń gbìyànjú láti yí.

ÌyáÀgbà67

Mo ti ń dìde lórí àga nígbà mẹ́wàá mẹ́ta. Bàbá wọn ń kà á fún mi. Ó máa ń fò mẹ́fà.

Ọ̀lẹAfarapamọ́

Mà, MàmáFísíò, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè gidi ni o. Mo kà níbì kan pé tí eré ìdárayá ò bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, kò ka. Ṣé òótọ́ ni?

MàmáFísíò

Ìmọ̀ràn àtijọ́ nìyẹn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn kúrò nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020. Ohun tí wọ́n ní kí àgbàlagbà wá ni ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ fún èyí tó mọ níwọ̀n, tàbí 75 sí 150 fún èyí tó le, àti ọjọ́ méjì ó kéré tán fún iṣan. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́. Ìṣẹ́jú méjì náà ń ka.

Ọ̀lẹAfarapamọ́

Mo dìde lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mò ń ka gbogbo èyí, ẹ̀ẹ̀kan fún omi, ẹ̀ẹ̀kan fún wáyà fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀.